Ẹ̀kọ́ fọ́tò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà àti ìtàn rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì: kí ni ó ń fi kún iṣẹ́ tí a kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá?

Ọmọ Mọ́kọ́lá béèrè:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ fọ́tò, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí sítúdíò wọn wà ní Mọ́kọ́lá, mo sì ti gba fírídọ̀ọ̀mù kí n tó wá bá ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ̀n. Ìgbéyàwó, ìkómọjáde àti ìsìnkú ni mo ń yà fún àwọn ènìyàn wa níbí, mo sì dúpẹ́, nítorí pé iṣẹ́ náà ń gbọ́ bùkátà. Ní báyìí, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ti gbà mí wọlé láti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú fọ́tò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà. Nígbà tí mo yẹ ètò ẹ̀kọ́ wọn wò, mo rí i pé ìtàn ni ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀: bí fọ́tò ṣe bẹ̀rẹ̀, bí ó ṣe di ohun tí wọ́n ń gbé kọ́ sí mùsíọ́ọ̀mù, àti àròkọ gígùn tí a óò máa kọ nípa àwòrán tí ẹlòmíràn yà.

Bàbá mi pè mí lórí fóònù, wọ́n sì bi mí pé kí ni ẹni tí ó ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tún ń wá lọ sí ilé ìwé, débi pé yóò jẹ gbèsè nítorí rẹ̀. Ìbéèrè wọn tọ́, n kò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn lásán dá wọn lóhùn.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Nínú àwọn àwòrán tí mo kó lọ, olùkọ́ kan mú fọ́tò ìyá àgbà kan tí mo yà ní Ìbàdàn. Màmá náà jókòó gbagidi, wọ́n kọjú sí kámẹ́rà gan-an, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ìró àti ìborùn wọn balẹ̀ dáadáa, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì sì hàn nínú àwòrán náà tàwọn ti bàtà. Olùkọ́ náà béèrè ibi tí mo ti kọ́ ìjókòó yẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mi ṣe máa ń mú àgbàlagbà jókòó, àti pé ọ̀gá tiwọn náà ni ó kọ́ wọn. Ó ní òun fẹ́ kí n fi ọdún mẹ́ta ẹ̀kọ́ náà wádìí rẹ̀ délẹ̀.

Kí ni ìtàn yìí ń ṣe fún ọwọ́ ẹni tí ó ń ya fọ́tò? Ṣé àwa náà wà nínú rẹ̀, àbí ti Paris, Lọ́ńdọ̀n àti New York nìkan ni n óò máa gbọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Aláwòrán Peckham fèsì:

Ẹ kú oríire àyè tí ẹ rí gbà. Irú ẹ̀kọ́ yìí ni mo fi gboyè ní Lọ́ńdọ̀n, nítorí náà ohun tí mo rí níbẹ̀ ni n óò sọ.

Ìtàn tí wọn yóò kọ́ yín kì í ṣe kí ẹ kàn há ọdún àti orúkọ sórí. Ní 1839 ni ìjọba ilẹ̀ Faransé kéde ọgbọ́n tí Louis Daguerre fi ń ya àwòrán sórí abala bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò. Àwòrán náà mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni. Bí ó bá sọnù, ó tán nìyẹn. Ní àkókò kan náà, William Henry Fox Talbot ń fi pépà ṣe tirẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ó sì ń jáde nínú kámẹ́rà rẹ̀ ni nẹ́gẹ́tíìfù, tí ènìyàn lè tẹ fọ́tò púpọ̀ lára rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tí ó tọ ọ̀nà Daguerre, oníbàárà ni ó ń gbé ohun gbogbo lọ sílé. Lọ́dọ̀ àwọn tí ó tọ ọ̀nà Talbot, fọ́tò ni oníbàárà ń gbé lọ, nẹ́gẹ́tíìfù sì ń dúró ní sítúdíò, kí ẹni náà lè padà wá ní ọdún mẹ́wàá sí i láti tẹ òmíràn fún ìsìnkú bàbá rẹ̀. Àpótí nẹ́gẹ́tíìfù tí irú sítúdíò ọ̀gá yín ní Mọ́kọ́lá máa ń ní, ibẹ̀ ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ìgbà tí mo lóye èyí ni mo tó mọ̀ pé sítúdíò kì í ṣe ibi tí a ti ń ta fọ́tò nìkan, ibi tí ìlú kó ìrántí rẹ̀ pamọ́ sí ni, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú iṣẹ́ tèmi lọ́nà mìíràn.

Wọ́n sì máa ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ṣe díẹ̀ nínú ìtàn náà. Ní kíláàsì tiwa, a ṣe irú àwòrán aláwọ̀ aró tí John Herschel gbé kalẹ̀ ní 1842, èyí tí Anna Atkins fi bẹ̀rẹ̀ ìwé àwòrán koríko inú òkun ní 1843. Ẹ óò po oògùn onírin méjì pọ̀ nínú yàrá tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀, ẹ óò fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sórí pépà, ẹ óò sì jẹ́ kí ó gbẹ. Bí ẹ bá tẹ́ ewé lé e lórí tí ẹ gbé e sínú oòrùn, àwọ̀ rẹ̀ tí ó dà bí ewé tútù yóò máa ṣú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dà bí eérú. Ìgbà tí ẹ bá fi omi ṣàn án ni ibi tí oòrùn kàn yóò di aró, tí ibi tí ewé bò yóò sì funfun, tòun ti gbogbo iṣan ewé náà. Kò sí kámẹ́rà níbẹ̀ rárá. Ẹni tí ó bá ti ṣe é rí yóò mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ni orí iṣẹ́ yìí, ìyẹn a sì máa hàn nínú ọ̀nà tí ó ń gbà lo fèrèsé, iná àti òjìji lẹ́yìn náà.

Ní ti pé fọ́tò jẹ́ iṣẹ́ ọnà, àríyànjiyàn ńlá ni. Ní 1859, akéwì ọmọ ilẹ̀ Faransé nì, Charles Baudelaire, sọ pé ìránṣẹ́ ni kí fọ́tò jẹ́ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ọnà, kí ó má gbìyànjú láti gba ipò ọnà fúnra rẹ̀. Alfred Stieglitz ní New York fi ìwé àtìgbàdégbà rẹ̀, Camera Work, ja ìjà yìí láti 1903 títí di 1917, síbẹ̀ 1940 ni Museum of Modern Art ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹ̀ka fọ́tò sílẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Daguerre. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ yìí ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ẹni tí ó mú kí n dúró títí mo fi parí ẹ̀kọ́ náà ni onífọ́tò kan tí ń jẹ́ Rotimi Fani-Kayode. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1955, ìdílé rẹ̀ kó wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1966, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Georgetown àti ní Pratt Institute ní Amẹ́ríkà. Ó mú ohun tí ó mọ̀ nípa òrìṣà àti nípa Ifẹ̀ wọ inú àwòrán ara ènìyàn, ní ọ̀nà tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ó wà lára àwọn tí ó dá Autograph, ẹgbẹ́ àwọn onífọ́tò aláwọ̀ dúdú, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n ní 1988, òun sì ni alága àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó kú ní 1989. Ilé Autograph ṣì wà ní ìhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀n. Ẹ lọ síbẹ̀ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì tó fọwọ́ sí ìwé èyíkéyìí, ẹ béèrè ẹni tí ó ń kọ́ni ní ìtàn náà àti bóyá ó mọ ohunkóhun nípa Áfíríkà, nítorí pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sí èkejì lórí èyí pọ̀ gan-an.

Bàbá Sítúdíò, Ògbómọ̀ṣọ́, fèsì:

Ọmọ mi, mo kí ọ, mo sì kí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi. N kò lòdì sí ìwé kíkà. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ẹnikẹ́ni máa rò pé ilé ìwé ni ọgbọ́n wà, pé ọwọ́ lásán ni àwa ní.

Kámẹ́rà onípákó ni a fi kọ́ṣẹ́. O óò wọ abẹ́ aṣọ dúdú, o óò rí oníbàárà rẹ ní ìdoríkodò lára gíláàsì, o sì gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe rí nígbà tí ó bá dojú sókè. Bí a bá fọ nẹ́gẹ́tíìfù tán, pẹ́ńsù tí a gbẹ́ ṣóńṣó ni a fi ń tún ojú ènìyàn ṣe, a óò máa fi í tọ́ ìhunjọ iwájú orí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí ojú yóò fi dán. Ọ̀gá mi kì í jẹ́ kí a nù ún tán pátápátá. Wọ́n ní àgbà tí kò bá ní ìlà kankan lójú mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní dá a mọ̀.

Fọ́tò ìbejì ni mo fẹ́ kí o sọ fún àwọn olùkọ́ rẹ. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ kí wọ́n tó ya fọ́tò pọ̀, àwọn òbí a máa mú èyí tí ó kù wá. A óò ya òun nìkan, tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nínú yàrá òkùnkùn, a óò fi pépà dúdú bo ìdajì pépà fọ́tò, a óò tẹ ọmọ náà sí ìdajì kejì; lẹ́yìn náà a óò yí pépà dúdú padà, a óò tún tẹ ọmọ kan náà sí ibi tí ó ṣófo. Bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin ni ọ̀kan, tí èkejì sì jẹ́ obìnrin, a óò ya èyí tí ó kù nínú aṣọ ọkùnrin, a óò sì tún yà á nínú aṣọ obìnrin. Ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé ni iṣẹ́ wà, nítorí pé ìlà kò gbọdọ̀ hàn níbẹ̀. Àwọn ìyá kan a gbé fọ́tò náà sí ibi tí àwọn ìyá wọn máa ń gbé ère ìbejì sí. Bí èyí kò bá jẹ́ iṣẹ́ ọnà, n kò mọ ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ń ṣòwò káàkiri Gánà, Ivory Coast, Niger àti Togo gbé iṣẹ́ yìí dání lọ. Ẹ̀gbọ́n a mú àbúrò, ọ̀gá a sọ ọmọọ̀ṣẹ́ di ọ̀gá, òun náà a sì ṣí sítúdíò tirẹ̀ ní ìlú tí ó kàn. Nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ, onífọ́tò wà lára àwọn tí ó di ẹrù wọn. Àwọn mìíràn kò rí àpótí nẹ́gẹ́tíìfù wọn kó.

Lọ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n béèrè bóyá yàrá òkùnkùn wà níbẹ̀ tí ẹ óò máa lò déédéé, má sì fi iṣẹ́ tí o ń ṣe fún àwọn ènìyàn wa sílẹ̀.

Olùkọ́ Ọnà fèsì:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá fún ọ̀rọ̀ fọ́tò ìbejì, nítorí pé ó já sí ohun tí olùkọ́ yẹn béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí.

Ní 1978, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Stephen Sprague tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts lórí àwọn onífọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún. Ó ṣàlàyé fọ́tò ìbejì gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti ṣàlàyé rẹ̀. Ó sì fi hàn pé ìjókòó tí ẹ fi ya màmá yẹn ní òfin: kí ara dúró gbọnin, kí ojú kọ kámẹ́rà, kí ọwọ́ wà lórí orúnkún, kí gbogbo ara hàn láti fìlà tàbí gèlè dé bàtà, kí aṣọ fẹ̀ débi pé yóò gba àyè tí ó yẹ àgbà. Ó fi í wé ìjókòó àti ìdúró tí ó wà nínú ère tí àwọn agbẹ́gilére wa ń gbẹ́. Èrò tèmi ni pé òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Àga tí a gbẹ́, tábìlì kékeré tí wọ́n gbé òdòdó lé, kápẹ́ẹ̀tì àti aṣọ ẹ̀yìn tí wọ́n kun òpó ńlá sí, àṣà sítúdíò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn, wọ́n sì ti wọ Èkó kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò màmá yẹn jẹ́ ibi tí ọ̀nà méjì ti pàdé. Àwọn ìwé tí yóò jẹ́ kí ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀ wà, ó sì tó iṣẹ́ ọdún mẹ́ta lóòótọ́.

Ẹ ti béèrè bóyá àwa wà nínú ìtàn náà. Ní oṣù kọkànlá 1839, ọdún kan náà tí Daguerre gba òkìkí, àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé ti ń ya fọ́tò ní Alexandria ní Íjíbítì. Ní 1853, Augustus Washington, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, kó kámẹ́rà rẹ̀ lọ sí Monrovia ní Làìbéríà. Neils Walwin Holm, ọmọ Accra, gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí Èkó ní nǹkan bí 1896, George Da Costa náà sì ń yà níbẹ̀ ní ìgbà kan náà. Ìlú tí ó mọ fọ́tò dáadáa ni Èkó ti jẹ́ kí a tó bí àwọn bàbá àgbà wa.

Àpẹẹrẹ tí mo máa ń fi kọ́ni jù ni ti Jonathan Adagogo Green, ọmọ Bonny, tí wọ́n bí ní 1873 tí ó sì kú ní 1905. Òun ni ó ya Ọba Ovonramwen ti Benin ní 1897 nínú ọkọ̀ ojú omi tí ó ń gbé e lọ sí ìgbèkùn ní Calabar. Nínú àwòrán náà, ọba jókòó, wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é lẹ́sẹ̀, àwọn ọmọ ogun dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo kámẹ́rà tààrà. Ó pẹ́ tí àwọn ènìyàn kan fi rò pé òyìnbó ni ẹni tí ó yà á, nítorí orúkọ Green. Mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé: ta ni ó bẹ Green ní iṣẹ́? Ta ni ó ra fọ́tò náà? Kí ni ọba náà fi ojú rẹ̀ sọ tí àwọn tí ó dè é kò lè pa á lẹ́nu mọ́? Ẹni tí ó bá ti jókòó ti irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ yóò máa rò ó kí ó tó gbé kámẹ́rà sí ojú ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ìsìnkú ni ẹ sọ pé ẹ ń yà. Èsì tí ẹ lè fún bàbá yín nìyẹn.

Onífọ́tò ọmọ Nàìjíríà nì, J. D. 'Okhai Ojeikere, bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá òkùnkùn ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn ní 1954, láìlọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì fọ́tò kankan. Láti 1968 ni ó ti ń ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà, púpọ̀ nínú wọn láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú ẹ̀yìn àwòrán tí kò ní ohunkóhun nínú, títí tí wọ́n fi tó bí ẹgbẹ̀rún kan. Fọ́tò ṣùkú kan lásán lè jẹ́ fọ́tò oníbàárà. Ẹgbẹ̀rún tí ó wà lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà di ohun tí ayé ń wò ní àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá ti Venice ní Ítálì ní 2013, ọdún kan kí ó tó kú. Sùúrù láti lépa ohun kan ṣoṣo fún ọdún púpọ̀ ni mo rò pé kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó dára lè fi kọ́ yín, nítorí pé oníbàárà kì í fún ènìyàn láàyè rẹ̀. Ó dùn mí pé abẹ́ iṣẹ́ gíráfíìkì ni wọ́n fi fọ́tò sí ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní ilé wa, tí ìtàn rẹ̀ sì ń gba ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárín ẹ̀kọ́ mìíràn.

Ọmọ Mọ́kọ́lá fèsì:

Ẹ ṣeun, Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ka ọ̀rọ̀ lórí ọba tí wọ́n dè náà sí bàbá mi létí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n sì ní kí n béèrè owó tí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà yóò gbà ní ọdún kọ̀ọ̀kan. N óò gba àyè náà.

Ọ̀kan tún kù. Ọ̀gá mi ti dàgbà, wọ́n sì ti ń palẹ̀ sítúdíò wọn mọ́. Nẹ́gẹ́tíìfù wọn kún àpótí lẹ́yìn ilé, àwọn kan ń rùn bí ọtí tí ó kan, àwọn kan ti ká kò. Ọmọ wọn fẹ́ dáná sun wọ́n. Mo ń bọ̀ nílé ní oṣù tí ń bọ̀. Kí ni mo lè ṣe?

Aláwòrán Peckham fèsì:

Ẹ pe ọmọ náà lónìí, kí ó má sun ohunkóhun.

Òórùn kíkan yẹn fi hàn pé ike inú fíìmù náà ti ń bàjẹ́, atẹ́gùn rẹ̀ sì máa ń ran àwọn tí ó wà nítòsí. Nítorí náà, kí wọ́n ya èyí tí ó ń rùn sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò rùn, kí wọ́n sì gbé gbogbo wọn sí yàrá tí ó tutù jù, tí kò sì ní ọ̀rinrin, kì í ṣe abẹ́ páànù. Kí wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú ọ̀rá, kí wọ́n fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú àpò ìwé. Pẹ́ńsù ni kí wọ́n fi kọ̀wé sára àpò náà kí nẹ́gẹ́tíìfù tó wọ inú rẹ̀, nítorí pé yíǹkì bíró máa ń là kọjá. Ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n ti máa dì í mú, kí ìka má kan ibi tí kò dán, torí pé ibẹ̀ ni àwòrán wà. Ohunkóhun tí ọ̀gá yín bá kọ sára àpótí, ì báà jẹ́ ọdún tàbí nọ́ńbà, kí ó má kúrò lọ́dọ̀ àwọn nẹ́gẹ́tíìfù tí ó bá rìn.

Nígbà tí ẹ bá dé, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó ti ń ká kò. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ síkáànà, ẹ tẹ́ ẹ sórí gíláàsì funfun tí iná wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi kámẹ́rà yín yà á láti òkè tààrà. Ẹ mú ọ̀gá yín jókòó tì yín, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe ń rántí ẹni tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tí ó ni àwọn nẹ́gẹ́tíìfù náà, kí ẹ̀yin àti ọmọ wọn fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé èyíkéyìí wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún àfihàn, pàápàá jù lọ ti ìbejì, ẹ kọ́kọ́ wá ìdílé tí ó ni ọmọ náà lọ, kí ẹ sì gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn.